Ẹ̀sùn lórí ọ̀bẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi àti ìwà òṣìṣẹ́ yín

Sí Alákòóso Ẹ̀ka Tí Ó Ń Gbọ́ Ẹ̀dùn Oníbàárà,

Mo kí yín. Gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ọjà tí mo rà wà nínú àkọsílẹ̀ yín, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ka nọ́ńbà rẹ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ yín létí lórí fóònù, n kò sì ní kà á ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Mora 120, ọ̀bẹ kékeré tí a fi ń gbẹ́ igi, ni mo san owó fún; Garberg, ọ̀bẹ ńlá tí a ń lò nínú igbó, ni ẹ fi ránṣẹ́. Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì ti tán lọ́jọ́ kejì.

Òṣìṣẹ́ yín àkọ́kọ́ ní kí n ya fọ́tò ọ̀bẹ náà, mo yà á. Èkejì ní fọ́tò kò dé, mo tún un fi ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta ṣèlérí pé ẹni tí yóò gbé e yóò dé ní Ọjọ́bọ̀, láàrin aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó ti fèrèsé, àní n kò lè wẹ̀, kí aago ẹnu ọ̀nà má baà dún nígbà tí ọṣẹ bá wà lójú mi. Ẹnikẹ́ni kò wá, ẹnikẹ́ni kò sì pè.

Ẹ̀kẹrin ni n kò lè gbàgbé. Mo ṣàlàyé fún un pé ojú ọ̀bẹ tí mo rà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 6 lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ dé ṣóńṣó, òun ló sì lè yí níbi ọrùn ṣíbí onígi tí mò ń gbẹ́. Pé ojú Garberg gùn tó sẹ̀ntímítà 11, irin rẹ̀ la èèkù já dé ìdí, kí ènìyàn lè máa fi kùmọ̀ lù ú lẹ́yìn láti fi la igi ìdáná nínú igbó. Lóòótọ́, ìlú Mora ní Sweden ni wọ́n ti ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà kì í torí bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà, a kì í sì í gbé àdá fún ẹni tí ó ń wá abẹ tí yóò fi fá orí ọmọ. Èsì tí arákùnrin náà fún mi ni pé ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ ń jẹ́, àti pé ó yẹ kí n dúpẹ́, torí èyí tí mo gbà wọ́n ju èyí tí mo sanwó rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ pé igi birch tútù tí mo wé sínú ọ̀rá sí fìríìjì, kí ó má baà gbẹ kí ó sì sán, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó gé fóònù.

Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Èmi tí ẹ fi rẹ́rìn-ín yìí ni mo máa ń darí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní gbígbẹ́ ṣíbí sí ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ dá owó mi padà pátápátá, ẹ rán ẹni wá gbé ọ̀bẹ yín, kí arákùnrin náà sì tọrọ àforíjì nínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù tí ó ṣeé gé. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 ní Ìlú Ọba fún mi ní ọjọ́ 30 láti kọ ọjà tí kò bá ohun tí ẹ júwe mu, ọjọ́ kejìlélógún sì ni òní. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí n kò gbọ́ nǹkan kan, n ó ní kí báǹkì mi gba owó náà lọ́wọ́ yín; bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, a ó pàdé ní kóòtù. Títí di ìgbà náà, Garberg yín wà nínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì, n kò tí ì fi gé ohunkóhun.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.