Pákó tútù yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi

Ẹ̀yin ọmọ mi káfíńtà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù ní Èbúté Mẹ́ta àti Múṣin, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ọmọ káfíńtà kan ò jẹ́ n sùn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Ó gba iṣẹ́ òrùlé kan ní Ìkòròdú, ó wá sí Oko Bàbá, ọjà pákó wa létí ọ̀sà, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ra pákó tútù, ìṣó wọ ibẹ̀ omi ń yọ, mo ní ṣé èyí lo fẹ́ lò, ó ní Bàbá, kọ́sítọ́mà ń kánjú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó fi ìlàjì sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó lọ ra òmíì tó tutù jù ú lọ! Nígbà tó fi máa di Sátidé páànù ti wà lórí. Oṣù mẹ́rin péré, pákó ti lọ́ bí ejò, páànù ṣí, òjò bá onílé lórí bẹ́ẹ̀dì. Sẹ́ẹ́lì ni ọmọ yẹn sùn mọ́jú.

Èmi náà ṣe é rí o. Lọ́dún 1982 mo fi igi apá tútù kan ilẹ̀kùn fún ìyá oníṣòwò kan, ọyẹ́ dé, ilẹ̀kùn sún kì, ológbò ń gba àlàfo ẹ̀ wọlé. Ojú tì mí débi pé mi ò gba àdúgbò yẹn kọjá fún ọdún méjì.

Ọ̀gá mi sì ti kọ́ mi. Odindi ọdún kan mi ò fọwọ́ kan ayùn, pákó ni mò ń tò. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ torí ikán, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìkan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀, ẹ bo orí ẹ̀ kí òòrùn má sán an. Pákó tó nípọn níńṣì kan á tó oṣù mẹ́ta, mẹ́rin kó tó gbẹ. Ọ̀gá á fi ìka gbá a, á dẹtí sí i, èyí tó tutù á dún bù, èyí tó gbẹ á dún ko!

Ẹ ò rí gẹdú tí wọ́n ń fà lórí ọ̀sà láti Òndó? Nígbà tí mo dé Oko Bàbá, èèyàn méjì ò lè fọwọ́ ká ìrókò kan, ní báyìí òmíì ò ju itan mi lọ. Igi tó lo ọdún 50 nínú igbó, ẹ wá fi ṣe òrùlé oṣù mẹ́rin, ẹ tún padà lọ gé òmíì. Ta ló ń lé yín gan-an? Ẹ lọ sí Campos ní Lagos Island, ẹ wo fèrèsé táwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kàn, òmíì ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ṣé wọn ò ní kọ́sítọ́mà ni?

Ọparun náà, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló fi ń gbó, ẹ rẹ ẹ́ sódò kí kòkòrò má jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kóun náà gbẹ, ẹ yéé fi gbé dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré orí ilé, lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ sì jù ú nù. MDF yín yẹn, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlù tẹ̀, ẹ má gbé e sí kíṣìnnì, omi á mú un wú bíi búrẹ́dì (ìyàwó mi ra ìkan, mi ò sọ̀rọ̀). Lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ ẹ̀ ń dáná sun létí ọ̀sà, tí èéfín ẹ̀ ń bo Third Mainland, àwọn olókoòwò adìyẹ ń wá a, àwọn míì sì ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ fi dáná.

Wọ́n ti tú ọmọ yẹn sílẹ̀, àmọ́ ó ń sá fún mi. Tí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un pé pákó ẹ̀ tó fi sílẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbá a láàárọ̀ yìí. Ó dún ko.