Bí ẹ bá ti sàfárì dé, ẹ sọ fún dókítà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọlidé oṣù kẹjọ ti parí, àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tó lọ wo ẹranko ní Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa sì ti ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán kìnnìún àti àgùnfọn ti kún orí WhatsApp. Inú wa dùn sí i, nítorí iṣẹ́ tiwa ni láti máa ṣètò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé ìmọ̀ràn àlọ nìkan ni èèyàn máa ń rí gbà: físà, káàdì yẹ́lò, bàtà, awò awọ̀nàjíjìn. Ti àbọ̀ kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti délé tán ni ọ̀pọ̀ àìsàn tó kó lọ́nà máa ń yọjú.

Bí ara ẹnìkan bá gbóná ní Ìlọrin, ibà ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ fura sí. Á ya kẹ́míìsì ní Tanke tàbí Gàá-Akanbí, wọ́n á gún un lọ́mọ ìka, wọ́n á fún un ní oògùn. Kò burú, ibà wà níbí, ó wà ní Tanzania náà. Àmọ́ àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ yẹn lè gbé ìlà méjì jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé ibà wà, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò ibà tán, torí pé èròjà tí kòkòrò náà tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wá, èròjà yẹn kì í sì í tètè tán lára. Ẹni tó lo oògùn ibà ní Arusha, ní Tanzania, ìlà méjì lè yọ fún un ní Ìlọrin, kó sì jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe é. Wọ́n á tún fún un ní oògùn ibà. Bí kò bá lọ, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni. Ọjọ́ á sì máa lọ.

Nǹkan mìíràn tí à ń wí yìí, méjì ló yẹ kí ẹni tó ti sàfárì dé mọ̀ dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni ibà eégbọn, tó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti South Africa bọ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá tí eégbọn bá ti jẹ èèyàn, ara á gbóná, orí á máa fọ́, iṣan á máa ro. Àmì rẹ̀ tó dájú jù ni egbò kékeré tí èépá dúdú wà láàárín rẹ̀. Kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í rí i, ó sì lè ju ẹyọ kan lọ. Ẹ wá a sí ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ itan, abíyá, ẹ̀yìn etí, àti ibi tí rọ́bà pátá ti ń di ìbàdí. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé, kí ọkọ yẹ ẹ̀yìn ìyàwó wò, kí ìyàwó yẹ ti ọkọ wò, kí ẹ sì yẹ orí àwọn ọmọ wò. Oògùn ibà tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì kì í wo àìsàn yìí. Doxycycline ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́, nítorí ti aláboyún àti ti ọmọdé yàtọ̀.

Bí eégbọn bá ṣì wà lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi iná ìṣáná kàn án. Bí a bá ni ín lára báyìí, ṣe ló máa ń pọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé. Ẹ lo ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń fa irun ojú. Ẹ mú un níbi ẹnu rẹ̀, mọ́ awọ ara pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ fà á sókè tààrà láì lọ́ ọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Èkejì ṣọ̀wọ́n, àmọ́ òun ni à ń bẹ̀rù jù: àrùn oorun, tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni. Ẹ̀yà méjì ló wà. Ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń rọra rìn, ó lè gba oṣù tàbí ọdún kó tó hàn. Ti Ìlà-Oòrùn, èyí tó wà nínú igbó ẹranko Tanzania, Uganda, Malawi àti Zambia, kì í fún èèyàn láyè. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ara ti gbóná. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Ọ̀sán ni eṣinṣin yìí ń jẹ, ó ń gún aṣọ kọjá, ó ń lé ọkọ̀ tó ń rìn, ó sì fẹ́ràn àwọ̀ búlúù àti dúdú. Ojú ibi tó ti jẹni lè wú, kó le, kó máa dunni lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Àyẹ̀wò ibà ojú ẹsẹ̀ kò lè fi kòkòrò rẹ̀ hàn láéláé. Lábẹ́ maikirosikópù ni wọ́n ti ń rí i nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó sì mọ̀ pé òun ń wá a ni yóò tètè rí i. Oògùn rẹ̀ kò sí ní kẹ́míìsì kankan ní Ìlọrin. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ló ń pín in fún àwọn orílẹ̀-èdè lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni ìdajì àyẹ̀wò. Dókítà tí kò mọ̀ pé igbó ẹranko Serengeti ní Tanzania ni ẹ ti ń bọ̀ kò ní ìdí kankan láti fura sí àrùn oorun. Ẹ kọ ọ́ sínú bébà kan kí ẹ tó kúrò nílé: orílẹ̀-èdè tí ẹ lọ, orúkọ igbó ẹranko náà, ọjọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́ àti ọjọ́ tí ẹ jáde, kòkòrò tó jẹ yín, omi tí ẹ lúwẹ̀ẹ́, ẹranko tí ẹ fọwọ́ kàn, oògùn tí ẹ ti lò. Ẹ gbé bébà náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní yàrá àyẹ̀wò tó péye, irú bíi UITH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Oyì. Àwọn tó wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí wọn, kí wọ́n béèrè pé kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn lábẹ́ maikirosikópù, kí ó má jẹ́ ti ìlà méjì nìkan. Títí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìrìn-àjò, ìgbàkígbà tí ara yín bá gbóná, ẹ dárúkọ ibi tí ẹ lọ fún dókítà.

Oògùn adènà ibà náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ń jù ú sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá délé, wọ́n ní ìrìn-àjò ti tán. Àṣìṣe ńlá ni. Kòkòrò ibà kì í ti ẹnu ẹ̀fọn bọ́ sídìí iṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ sá sí, ó sì ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Doxycycline àti mefloquine, inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń bá a jà, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi lò wọ́n. Èyí tó pa atovaquone àti proguanil pọ̀ ń bá a jà nínú ẹ̀dọ̀ pàápàá, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ méje fi tó fún un.

Ẹni tó bá wẹ̀ nínú adágún Victoria tàbí ti Malawi, kí ó lọ ṣàyẹ̀wò ìtọ̀ àti ìgbẹ́ nítorí àtọ̀sí ajá. Kí ó má lọ ní ọ̀sẹ̀ tó dé o. Ẹyin aràn náà kì í tíì jáde nígbà yẹn, praziquantel, oògùn rẹ̀, kì í sì í pa aràn tí kò tíì dàgbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni àyẹ̀wò náà tó nítumọ̀. Ẹni tí ọ̀bọ bá sì ha léèékánná tàbí tó gé jẹ níbi tí wọ́n ti ń jẹun, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àrùn ajá dìgbòlugi lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nairobi, ìyókù di ọ̀ràn Ìlọrin, kí káàdì rẹ̀ má sọnù.

Ẹrù ńkọ́? Ẹ má gbé àpótí sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ tú u sí faràǹdá, kí ẹ gbọn gbogbo aṣọ, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sínú oòrùn, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ ní inú àti ní ìta, títí kan ibi ìrán. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tí wọ́n bá sá síbi òjìji tàbí sórí ilẹ̀. Ìdin rẹ̀ ń wọnú awọ ara, ibẹ̀ á wá wú bí eéwo, ihò kékeré á sì wà lórí rẹ̀ tí ìdin náà fi ń mí. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi vaselínì dí ihò náà, ìdin á yọrí wá mí, wọ́n á sì lè fà á jáde.

Bàtà gba àkíyèsí ju aṣọ lọ, pàápàá fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí gàá màálù tàbí tó ń sin ẹran. Ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà lè gbé àrùn ẹnu àti pátákò màálù, ó sì ń gbé èso koríko àjèjì. Búrọ́ọ̀ṣì, omi àti ọṣẹ ni kó ṣáájú, títí ẹrẹ̀ á fi tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi blíìṣì àti omi, ìwọ̀n kan blíìṣì sí mẹ́sàn-án omi, pa á lára, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá da blíìṣì lé ẹrẹ̀ ti ṣòfò, nítorí ẹrẹ̀ máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹran gbígbẹ tí wọ́n ń tà ní South Africa, biltong, tó jọ kílíṣí, ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀.

Ó ku ohun tí àwọn ará ilé ń ránni. “Bá mi mú irun ìrù erin bọ̀.” “Bá mi wá ọ̀rá kìnnìún.” “Eyín erin kékeré náà tó.” Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìkà lọ́kàn, nítorí ohun tí wọ́n ń rí lọ́dọ̀ lékulẹ́ja ní ọjà wa ni. Ṣùgbọ́n òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè ti di èèwọ̀ láti ìpàdé ọdún 1989 ti CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà láti 1974, ó ní òfin tirẹ̀ láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba lọ eyín erin tó tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ kúnná ní Abuja. Ẹni tó ń tà á fún yín nínú ṣọ́ọ̀bù lè ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ìwé yẹn kò kọjá ẹnubodè. Ẹranko tó wà lórí ìwé àkọ́kọ́ CITES gba àṣẹ méjì, ti ibi tó ti ń jáde àti ti ibi tó ń wọ̀, kì í sì í ṣe fún òwò. Odídẹrẹ́ eléérú wà lórí ìwé yẹn láti 2017, akíkà náà wà níbẹ̀, tòun ti ìpẹ́ rẹ̀.

Bí ọlọ́jà bá ní egungun lásán ni ẹ̀gbà ọwọ́ tí òun ń tà, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Egungun máa ń ní ihò tóótòòtó dúdú. Eyín erin kò ní ihò. Ìlà tín-ín-rín tó ń dábùú ara wọn ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ àwọn Maasai, aṣọ wọn àti agbọ̀n híhun kò ní wàhálà.

Ó dùn wá pé àwọn kan ń ti Kẹ́ńyà dé pẹ̀lú ìyanu kìnnìún, láì mọ̀ pé kìnnìún ṣì wà ní Kainji. Apá kan igbó Borgu tó wà nínú ọgbà ẹranko náà bọ́ sí Kaiama, ní Kwara níbí, gbogbo Borgu tó wà ní Nàìjíríà pàápàá sì wà lábẹ́ ìjọba Kwara títí di 1991. Ọ̀rọ̀ ààbò ló lé àwọn àlejò kúrò lọ́nà ibẹ̀ báyìí, a kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ kí ó tó béèrè dáadáa.

Ẹni tó bá ya àwòrán àgbáǹréré, kí ó pa lókéṣọ̀n kámẹ́rà fóònù rẹ̀ kí ó tó yà á, torí fóònù máa ń fi ibi tí wọ́n ti ya àwòrán pamọ́ sínú rẹ̀. WhatsApp ń yọ ọ́ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, kì í yọ ọ́ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì. Ẹ má sì kọ orúkọ odò tàbí òpópónà ibi tí ẹ ti rí i sábẹ́ àwòrán. Àwọn tó ń pa á nítorí ìwo rẹ̀ ń ka ohun tí à ń kọ.

Olóòtú, ohun kan la fẹ́ tọrọ. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá, nígbà tí àwọn èèyàn ń dé, ẹ bá wa tẹ àwọn ìbéèrè inú bébà tí a mẹ́nu kàn lókè sí igun kan nínú ìwé ìròyìn yín, kí òǹkàwé lè gé e, kí ó kún un, kí ó sì mú un lọ fún dókítà rẹ̀.

Àwa tí a ń ṣètò ìrìn-àjò ìworan ẹranko,
Tanke, Ìlọrin.