Má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì Gbénga

Ìsàlẹ̀ Afọ́n,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kú òtútù o. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé, mo sì ti kó o lé Màmá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí o fi tẹ̀lé owó náà ni mo fẹ́ fèsì sí: pé wọ́n ti ń tan iná, ìyẹn ìmọ́lẹ̀, sínú ọpọlọ láti wo àrùn rẹ̀ sàn ní Berlin lọ́hùn-ún, pé kí Gbénga tí kò lè jáwọ́ nínú ọwọ́ fífọ̀ máa múra àtibọ̀. Jọ̀ọ́, má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn kì í ṣe irọ́. Inú omi ló ti bẹ̀rẹ̀, lára ewéko wínníwínní kan tí ojú lásán ò lè rí. Purotéènì kan wà lára rẹ̀ tó máa ń ṣí bí ilẹ̀kùn tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án. Peter Hegemann, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ará Berlin tìrẹ níbẹ̀ yẹn, wà lára àwọn tó tú àṣírí rẹ̀ ní 2002 àti 2003. Nígbà tó di 2005, Karl Deisseroth, dókítà ọpọlọ ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, àti Edward Boyden pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi jíìnì rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì náà, sínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Wọ́n tan iná búlúù, sẹ́ẹ̀lì jí. Wọ́n pa á, sẹ́ẹ̀lì dákẹ́. Tó bá wá kan eku, fáírọ́ọ̀sì tí kò lè pani lára mọ́ ni wọ́n fi ń gbé jíìnì náà wọ orí rẹ̀, wọn a sì ti okùn dígí tín-ín-rín gba agbárí rẹ̀ kọjá kí ìmọ́lẹ̀ lè débẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wù wọ́n nìkan ni yóò dáhùn. Oògùn tiwa kò mọ irú ìyẹn; gbogbo ara ló ń rìn kiri.

Èyí tó kan Gbénga gan-an nìyí. Ní 2013, Susanne Ahmari àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan iná sí ọ̀nà kan tó ti iwájú ọpọlọ eku lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, eku ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́, ni eku bá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú, ó ń lá ara, kò lè jáwọ́. Wọ́n pa iná, kò dáwọ́ dúró. Oògùn kan tó ń jẹ́ fluoxetine tí wọ́n ń fún un léraléra ló dá a dúró. Fluoxetine yìí náà ni dókítà kọ fún Gbénga!

Mo bá a nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ewé máńgòrò kan já bọ́ sínú abọ́, ó da omi náà nù, ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí èékánná. Ojú ń tì í, àmọ́ ọwọ́ ò gbọ́. Màmá sì ti dá oògùn dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́, pé ayé ló ń ṣe é. Mo ní, "Màmá, irú àìsàn yìí, oògùn rẹ̀ lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó hàn." Wọ́n ti ń fún un padà.

Lọ́dún 2013 yẹn kan náà, àwọn kan ní MIT, yunifásítì mìíràn ní Amẹ́ríkà, tan iná sí ọ̀nà tí kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́, eku tó ń nu ara ní ànujù sì dáwọ́ dúró. Ṣé o rí i? Ibì kan tan iná, àìsàn dé. Ibòmíràn tan iná, àìsàn lọ. Wọ́n ṣì ń wá ojú ọ̀nà ni. Ta ni yóò wá fi orí Gbénga dán an wò? Ojú ni wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ lára ènìyàn: ní 2021 wọ́n ròyìn afọ́jú kan tó wọ awò pàtàkì, tó sì rí ìwé lórí tábìlì. Ìmọ́lẹ̀ ń wọ ojú fúnra rẹ̀. Egungun ló bo ọpọlọ.

Nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, yọ ti oògùn oṣù mẹ́ta àti owó ọkọ̀ Ìbàdàn. Dókítà ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè máa kọ́ Gbénga bí yóò ṣe fọwọ́ kan nǹkan láì sá lọ sídìí omi. Èmi ni màá máa bá a lọ, ìsinmi mi níbi iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Tó o bá pè é, má béèrè ọwọ́ rẹ̀ o. Bọ́ọ̀lù ni kí ẹ sọ.

Èmi ni tìrẹ,
Folúkẹ́