Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Kabba, tó ń kọ ìwé lórí àṣírí ilé

Àbúrò mi,

Okun o. Mo ti ka ìwé tó ò ń kọ, gbogbo orí tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp yẹn, alẹ́ ọjọ́ tó wọlé gan-an ni mo kà á tán, wọ́n ń pè mí wá jẹun mi ò tiẹ̀ dá wọn lóhùn. Ó dùn. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń wádìí ohun tó pa bàbá bàbá ẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń ní kó lọ jókòó sójú kan, tí kò gbọ́, ọmọ yẹn ti wọ̀ mí lọ́kàn, mo fẹ́ mọ ibi tó máa já sí. Mo wá ní kí n kọ èsì mi síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, torí mo mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́ lò ń kọ irú ìwé yìí láàárín àwọn ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ti Yàgbà wà ńbẹ̀, ti Ìjùmú wà ńbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ kan àwọn náà.

Ohun náà ò pọ̀. Gbé ìwé ẹ wálé.

Ìlú tó wà nínú ẹ̀ ò lórúkọ, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibì kan báyìí ni. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wá láti Èkó, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí àpótí, ó rí ìwé tí bàbá fi ń kọ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ti wà ńbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èwo nínú àwọn bàbá wa lo rí tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Inú èèyàn ni àṣírí tiwa ń gbé. Ní Kabba níbẹ̀, ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún ládùúgbò yín mọ ilé tí wọ́n ti jà nítorí ilẹ̀, ó mọ ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá tí kì í ṣe bàbá ẹ̀, ó mọ ẹni tó fi òru kúrò nílùú àti ohun tó lé e. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, wọ́n ń ṣọ́ ọ ni. Torí náà iṣẹ́ ọmọ yẹn kì í ṣe kó wá ohun tó sọnù, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó di ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún, ìyẹn sì le gan-an ni. Ó ní láti kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà dáadáa, kó bá wọn ṣa kaṣú lóko nígbà tí kaṣú bá dé, kó jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń jábọ́ lẹ́nu wọn.

Mú un lọ síbi ìsìnkú. Òkú ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ, síbẹ̀ kò sí ìsìnkú kankan nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni àṣírí ilé ń jáde sójú títì lọ́dọ̀ wa. Wo pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, wo ìwé ètò tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣí i síbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ sí. Ta ni wọ́n fi ṣáájú? Ta ni wọn ò kọ? Mo wà níbi ìsìnkú kan lápá Ìjùmú, bàbá tó ti ṣe tíṣà rí ló kú, ọmọ márùn-ún ni gbogbo wa mọ̀ mọ́ ọn. Ìwé ètò jáde, orúkọ mẹ́fà ló wà ńbẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ ṣìkẹfà sì dàgbà ju àkọ́bí lọ. Obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànópì, ó wọ léèsì tí àwọn ọmọ olóòkú dá, àmọ́ gèlè orí ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, ó hàn pé wọ́n sọ ti léèsì fún un, wọn ò sọ ti gèlè. Àwọn ọmọ yòókù ò wo apá ibẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ dé, ìyá arúgbó kan tó ń darí àwọn ìyàwó ilé dìde fúnra ẹ̀, ó gbé iyán lọ bá a, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì ilé yẹn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tó ti ń kì í láti kékeré.

Ṣé o rí i? Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Orúkọ tó wà nínú ìwé sọ pé ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ti bá àwọn tó kù jà kí wọ́n tó kọ ọ́. Gèlè sọ pé ẹlòmíì ò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Oríkì sọ pé màmá yẹn ti mọ̀ tipẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá lójú nílẹ̀ á rí gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó kó abọ́ kúrò nílẹ̀, kí ló wá kù tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Èkó fẹ́ wá ṣe? Jọ̀ọ́, dá ọkùnrin yẹn padà sí Èkó.

Tó o bá sì fẹ́ ẹ̀rí tó ṣeé dì mú, ìtàn ibi tiwa ti fi lé ẹ lọ́wọ́. Kabba Province ni wọ́n ń pe ibí tẹ́lẹ̀, lábẹ́ Northern Region, Kaduna sì ni olú ìlú Region yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa fi lọ ṣe iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ tíṣà ní Kaduna, Zaria, Kano, Jos. Ní 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ a bọ́ sábẹ́ èyí tó wá ń jẹ́ Kwara, ní August 27, 1991 wọ́n dá Kogi, a tún kó lọ síbẹ̀. Kí ọmọ yẹn rí àpò lẹ́tà kan láti Kaduna tí kò sí déètì lára ẹ̀ mọ́, àdírẹ́sì nìkan ló hàn, Kabba, Kwara State. Tí ẹbí bá ti ń búra látọjọ́ yìí pé láti ayé Northern Region ni bàbá ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ní ní Kaduna, irọ́ ti já nìyẹn. O tún lè fi ibẹ̀ ṣi òǹkàwé lọ́nà o, torí àgbàlagbà tí Kwara ti mọ́ lọ́wọ́ lè ṣì máa kọ ọ́ lẹ́yìn 1991, kí ọmọ yẹn má tètè ronú kan ìyẹn.

Rìsíìtì tí wọ́n kọ owó ẹ̀ ní pọ́n-ùn àti ṣílè ti wà kí náírà tó dé ní January 1973. Fọ́tò tí bàbá dúró létí títì, tí mọ́tò ń gba ọwọ́ òsì kọjá lẹ́yìn ẹ̀, kí April 2, 1972 tó dé ni, ọjọ́ yẹn ni Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Irú nǹkan báyìí ni mo fẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ tó bá kà á á lọ máa yẹ fọ́tò ilé tiwọn náà wò.

Àmọ́ èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti Bida. Nínú ìwé ẹ ilé méjì ń jà nítorí ilẹ̀, wọn ò bára wọn jẹ wọn ò bára wọn mu, o ò sì sọ ìdí ẹ̀. Wò ó, kí òyìnbó tó gba ibí, àwọn ọmọ ogun Nupe láti Bida ń wá kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú, àwọn ìlú kan sá gun orí òkè, àwọn kan ń fi èèyàn san owó òde. January 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, wọ Kabba, oṣù yẹn náà ni wọ́n ṣẹ́gun Bida. Ìyẹn la máa ń sọ fún àwọn ọmọ, a ó ní ogun ló kó wọn, ogun ti lọ. Wá bi ara ẹ léèrè, nígbà tí ìlú ń fi èèyàn san owó òde, ta ló ń yan ẹni tó máa lọ? Ilé ta ni ọmọ ti lọ, ilé ta ni ò ti lọ rí? Tí ẹni tó lọ bá padà dé lẹ́yìn 1897, tó bá ẹlòmíì nínú oko bàbá ẹ̀, tí ẹni yẹn sì jẹ́ ọmọ ẹni tó yan án, kí ni wọ́n á sọ fún ara wọn? Jẹ́ kí ìjà ilé méjì yẹn ti ibẹ̀ wá. Kí bàbá àgbà inú ìwé ẹ jẹ́ ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ jáde kó tó kú.

Mo ti gbọ́ pé àwọn àǹtí ń pariwo, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mi ò ní bá ẹ bínú sí wọn. Ẹni tí wọ́n bá pè ní ọmọ ẹrú ní gbangba lónìí, ọmọ ọmọ ẹ̀ á ṣì máa gbé e kiri, ó lè ba ìgbéyàwó jẹ́, ó lè dé ọ̀rọ̀ oyè. Torí náà da nǹkan ilé mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, yí orúkọ, yí àdúgbò, kí ẹnikẹ́ni má lè dìde pé òun lo ń bá wí. Ìdí ọ̀rọ̀ nìkan ni kó o má fọwọ́ kàn. Nígbà tí ọmọ yẹn bá ti wá mọ ohun gbogbo tán, jẹ́ kó rí i pé ìyá àgbà tó finú hàn án ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọjú sí nílé tóun bá lanu sọ ọ́. Ibẹ̀ ni kó o ti lo ojú ewé, kó o lò ó dáadáa, fi àwọn ibi tí wọ́n ti ń lé ara wọn lóru sílẹ̀, wọ́n ti pọ̀ jù. Jẹ́ kí wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Jẹ́ kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí, kí wọ́n bi í pé ta ló sọ fún un.

Ìyá àgbà inú ìwé ẹ náà, ọmọ Kabba ni, jẹ́ kó máa sọ Owé, èdè Kabba níbẹ̀, má fi Yorùbá inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ sí i lẹ́nu. Kó o sì jẹ́ kí tírélà tó ń lọ Obajana, níbi ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè gbé Kabba tí kò ní gbọ́ ìró wọn.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀ orí kẹfà, bẹ màmá ẹ kí wọ́n jẹ́ kó o wo ẹ̀yìn àwọn fọ́tò bàbá tó wà ní yàrá wọn, sítáǹpù ilé fọ́tò wà lẹ́yìn àwọn míì, kọ orúkọ ìlú tó o bá rí sílẹ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò kọ̀. Àwọn àǹtí tó kù, tí wọ́n bá tún dá ẹ dúró, ní kí wọ́n pè mí, èmi ni màá dá wọn lóhùn. Mò ń retí orí kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n ẹ ní Lọ́kọ́jà