Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Má Pín Bàbá àti Màmá

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Òṣèré Rọ́ṣíà kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí ibi tí mò ń lọ.

Faina Ranevskaya lorúkọ tó fi ń ṣeré. Ìlú Taganrog ni wọ́n bí i sí ní 1896, ọmọ Júù ni, bàbá ẹ̀ sì lówó. Nígbà tí ìlú dàrú ní 1917, gbogbo ilé kó lọ sókè òkun, òun nìkan ló ní òun ò lọ, pé tíátà lòun máa ṣe. Òṣèrébìnrin kan tó jù ú lọ, Pavla Wulff, ló gbà á sọ́dọ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́, wọn ò sì fira wọn sílẹ̀ mọ́ títí Wulff fi kú ní 1961, kódà ọmọọmọ Wulff, bí ọmọọmọ tiẹ̀ ló ṣe mú un. Ẹ̀jẹ̀ ò pa wọ́n pọ̀ rárá o.

Nínú fíìmù, ipa kékeré ni wọ́n sábà máa ń fún un. Ọ̀rọ̀ kan báyìí tó sọ sí ọkọ ẹ̀ nínú fíìmù 1939 kan, "Mulya, má dà mí láàmú," ni àwọn ọmọdé wá ń pariwo tẹ̀ lé e kiri ìgboro Moscow, ọ̀rọ̀ náà sú u pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba ẹ̀bùn Stalin, ẹ̀bùn ńlá tí ìjọba Soviet máa ń fúnni nígbà yẹn.

Àmọ́ eré orí ìtàgé tó ṣe ní 1969, ní tíátà Mossovet ní Moscow, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyẹn gan-an ló gbé mi dé ibí. Òun àti òṣèrékùnrin kan, Rostislav Plyatt, ló ṣe tọkọtaya arúgbó kan ní Amẹ́ríkà, báńkì gba ilé lọ́wọ́ wọn, wọ́n bí ọmọ márùn-ún, kò sí ẹyọ kan tó lè gba àwọn méjèèjì pọ̀, ni wọ́n bá mú màmá lọ síbì kan, wọ́n mú bàbá lọ síbòmíì. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, ilé ìtọ́jú arúgbó ni màmá ń lọ, ó sì ní kí wọ́n má jẹ́ kí bàbá mọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sunkún nínú tíátà yẹn.

Ẹ̀yin ará, a mọ òwe òkété tó dàgbà tán tó ń mu ọmú ọmọ ẹ̀, a máa ń fi yangàn gan-an, àmọ́ kí la ń ṣe? Màmá ti lọ bá wa wẹ ọmọ ní London, ọdún kan di mẹ́ta, bàbá ń dá se ẹ̀bà jẹ nílé, a ṣáà ń fi owó ránṣẹ́, a ní a ń tọ́jú àwọn òbí wa! Jésù bínú sí irú ẹ̀ nínú Máàkù orí keje, àwọn tó ń sọ pé ohun tó yẹ kí òbí jẹ lára àwọn ti di ti Ọlọ́run. Ẹ jọ̀ọ́, ìdámẹ́wàá yín ò gba ipò bàbá yín o, èmi pásítọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ àgbàlagbà tó ń dá gbé, ọmọ ìjọ ni o, kì í ṣe ọmọ ìjọ ni o, kó fún akọ̀wé lórúkọ àti àdírẹ́sì lẹ́yìn ìsìn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹ má wulẹ̀ gbé ìrẹsì sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa sáré lọ o, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn wọn, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀.