Sí Àjàní, Lórí Ìwé Tí Ẹ Fẹ́ Kà

Àjàní ọmọ mi,

Orúkọ ìwé méjìlá tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ jọ kà, tí o tẹ̀ ránṣẹ́, ti dé ọwọ́ mi. Mo fi awò kà á, mo tún ní kí ọmọ ilé kejì bá mi sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá lórí fóònù kí n lè tún un kà. O ní kí n sọ èyí tó yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, o sì bẹ̀ mí pé kí n má wàásù. N kò ní wàásù. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń kọ èyí, mo ti wọṣọ tán, agogo ni mò ń dúró dè. Bí ìwàásù bá wù mí, mo mọ ibi tí n ó ti gbọ́ ọ.

Bí wọ́n bá bi mí ní Ṣàgámù níbí pé kí ni Àjàní ń ṣe ní Ìbàdàn, mo máa ń ní ó ń ṣiṣẹ́. N kì í fi kún un pé òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé ní yàrá kan ní Bódìjà, wọ́n ń pe ara wọn ní adáronú, àwọn tó fẹ́ fi òye ara wọn yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wò. Ojú kò tì mí, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Ó dùn mí nígbà tí o fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ṣì ń dùn mí, a sì ti sọ ìyẹn. Ìwé lo bi mí lónìí.

Ọdún 31 ni mo fi tọ́jú ìwé ní láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá ìwé padà tó ní òun kà á tán, n ó ní ó ṣeun. Tó bá ti lọ, n ó dá ìwé náà dùbúlẹ̀, n ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ dé máa ń pọ́n, òógùn ìka àti epo ẹ̀pà á wà níbẹ̀. Ibi tí ọwọ́ kò dé á funfun báláú. Ìwé tó nípọn bí búrẹ́dì, ìdọ̀tí rẹ̀ kì í sábà kọjá ojú ìwé 40, kódà bí ogún ènìyàn bá ti yá a. Ìwé pẹlẹbẹ ló máa ń dọ̀tí dé ẹ̀yìn. Nínú méjìlá tí o kọ, mo mọ mẹ́jọ. Méje nínú mẹ́jọ yẹn ni yóò dọ̀tí dé ojú ìwé 40.

Ìwé Richard Dawkins ti 2006, tó fi ń tako ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run, lo fi ṣíwájú. Mo mọ ìdí rẹ̀: òun ni gbogbo yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà ilé wọn ni ọkùnrin yẹn ń jà. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ohùn àwọn bíṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì ló wà létí rẹ̀. Kò mọ wòlíì tó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ 21 nítorí pé àbúrò bàbá rẹ̀ ló di iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, o ní ó máa ń wá sí ìpàdé, ó ṣì ń gbààwẹ̀ náà. Kí ni yóò fi Dawkins ṣe?

Bí ó bá jẹ́ èmi, ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo yín ti ń sọ láti kékeré ni n ó fi bẹ̀rẹ̀: mọ̀, àti gbàgbọ́. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ìwé wọn jáde ní 1986, kò sì nípọn. Èyí tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ohun tí o fi ojú ara rẹ rí, tí o lè jẹ́rìí sí, òun ni o mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, tí o gbà bí o ṣe gbọ́ ọ, o gbà á gbọ́ ni. Ohun tí tíṣà sọ, ohun tí rédíò sọ, ohun tí ìwé sọ, abẹ́ ìgbàgbọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà títí o fi rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ wò.

Wo ibi tí ìyẹn bá gbogbo wa. Èmi, onígbàgbọ́ ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà kò sì purọ́ mọ́ mi. N kò fìgbà kan sọ pé mo rí i. Ìwọ ńkọ́, tí o ní ayé yìí ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún? Ta ló kà á lójú rẹ? O gbà á gbọ́ ni, Àjàní. Ó lè jẹ́ pé ìgbàgbọ́ tìrẹ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju tèmi lọ, nítorí àwọn tó kà á fi ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á hàn, ẹlòmíràn sì lè tún un kà kó wò ó bóyá yóò bọ́ síbi kan náà. Ẹ fi ìpàdé méjì jókòó lé èyí lórí. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ ńláńlá ṣẹ́gun láìmọ ohun tí òun ń wí.

N ó sọ ohun kan fún ọ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ńbà tí à ń kọ sẹ́yìn ìwé, ètò tí Melvil Dewey gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1876 ni. Láti 200 dé 299 jẹ́ ti ẹ̀sìn. Bíbélì gba 220, ọ̀rọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì gba 230 títí kan àwọn 280. Gbogbo ẹ̀sìn yòókù láyé wá há sínú 290: Ìsìláàmù ní 297, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tiwa ní 299 pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ́kù. Ọjọ́ tí Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá kọ ní 1968 dé ọwọ́ mi, Yorùbá láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ètò ní kí n gbé e sí, níbi tí ènìyàn ní láti kúnlẹ̀ kó tó rí i. Mo gbé e síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé e lọ sí àárín àwọn ìwé ọgbọ́n orí, nínú 100. Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá a.

Nínú méjìlá tìrẹ, kò sí ẹyọ kan tí ọmọ Yorùbá kọ. Ẹ fi Abímbọ́lá sí i. Ẹ fi Sophie Olúwọlé sí i, ìwé rẹ̀ ti 2014, níbi tó ti gbé Socrates, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì àtijọ́, àti Ọ̀rúnmìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àwọn méjèèjì kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹnu ọmọlẹ́yìn ni a ti gbọ́ tiwọn. Ẹ bá a jiyàn dáadáa, ó fẹ́ràn iyàn nígbà ayé rẹ̀.

Ẹ ka àwọn ìwé tí ẹ kò gbà gbọ́ náà kí ẹ tó ka ẹni tó ń bú wọn. Ẹ ka Oníwàásù nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther ṣe agbátẹrù rẹ̀, èyí tó pé ní 1884. Orí kẹta, ẹsẹ̀ 19, ní ohun tó ń ṣe ọmọ ènìyàn ló ń ṣe ẹranko, bí èyí ti ń kú ni èyí ń kú. Mo ti fi ọdún 68 wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn wàásù lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Ní ti Kùránì, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan, M. S. Cole, ló tẹ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1906, ó pẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí tó ṣe tiwọn. Ti àwọn Mùsùlùmí ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ohun tí àlùfáà ń wá nídìí Kùránì.

Bertrand Russell ni kó dúró, òun ni ìkẹjọ nínú àwọn tí mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní Battersea ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1927 ni, lórí ìdí tí òun kì í fi í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, ẹ lè kà á tán ní ìjókòó kan. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan tó le sí i, ẹ wá ìwé tí David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, fi sílẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1779 lẹ́yìn tó ti kú. Àwọn mẹ́ta ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Ẹ pín in bí eré, kí ẹnì kan jẹ́ Philo, ẹnì kan Cleanthes, ẹnì kan Demea. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ ni kí ẹ fún ní Philo, tó máa ń bi gbogbo ìbéèrè tó le. Ìwọ gba Demea, tó fẹ́ kí a kàn tẹríba.

Tai Solarin ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, Àjàní! Ìkẹ́nnẹ́ tí o máa ń kọjá bọ̀ wá sílé ni. Ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1956 ló dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀, tí kò gbà kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ó kọ ọ̀rọ̀ ọdún tuntun sínú Daily Times, ọjọ́ kìíní 1964. Gbogbo ayé ń ṣe ọdún á yabo, ọkùnrin yìí ní kí ọ̀nà òǹkàwé òun le págunpàgun. Bàbá mi ń kà á sókè ní pálọ̀, ìyá mi sì ké láti ilé ìdáná pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bàbá mi ní kó jẹ́ kí òun kà á tán ná. Ó kà á tán, kò ṣàlàyé, ó ní kí n gbé sísọ́ọ̀sì wá.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ìṣọ́ra, n kò ní tún un sọ. Mubarak Bala, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn humanist (àwọn tó ní ènìyàn lè hùwà rere láìsí ẹ̀sìn) ní Nàìjíríà nígbà náà, ohun tó kọ sórí Facebook ni wọ́n torí rẹ̀ mú un ní Kàdúná ní oṣù kẹrin 2020. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 24 ní Kánò ní 2022, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí 5 ní 2024, ó jáde ní oṣù kìíní 2025. Ẹ má ya àwòrán ẹni tó wá sí ìpàdé.

Ọmọkùnrin kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ọmọ lèmọ́mù, tó máa ń yá ìwé tó dá lórí Darwin, ẹni tó kọ nípa bí ohun alààyè ṣe ń yí padà di ẹ̀yà mìíràn. Ìgbàkígbà tó bá yá a, á fi ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò pé ó mọ ìwé í tọ́jú ni, mo tilẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ilé ló ń gbé e lọ. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo máa ń bò ó fún un kí n tó fà á lé e lọ́wọ́. Tó o bá ń yan ìwé, òun ni kó o rò. Èyí tó lè wọ báàgì, tí ọmọ náà lè kà tán kí iná tó lọ, tí ó lè ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dá kà láìsí pé ẹnì kan dúró tì í tó ń túmọ̀ rẹ̀.

Mo ti di márùn-ún sínú ọ̀rá, awakọ̀ tó máa ń gbé ẹrù fún wa yóò fi í sílẹ̀ ní gáréèjì Ìwó Road lọ́la. Ti Abímbọ́lá, dá a padà, orúkọ bàbá rẹ wà nínú rẹ̀. Ti Solarin, fótókọ́pì ni mo fi ránṣẹ́. Èyí tí bàbá mi fi sísọ́ọ̀sì gé ṣì wà nínú Bíbélì rẹ̀, láàárín Jóòbù, ibẹ̀ ni n ó fi í sí.

Agogo ti ń lù.

Màmá rẹ