Àdùkẹ́, Ìdí Tí Mo Fi Ń Kọ Ìtàn Nìyí

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Manchester? Òtútù ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́?

O bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mi ò jáwọ́ nínú ìtàn àròsọ tí kò mówó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ju ti orí fóònù lọ.

Wo Fágúnwà. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ló bí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1938. Ìdíje parí. Ta ló tún wá bẹ̀ ẹ́ kó kọ Igbó Olódùmarè àti àwọn yòókù, títí dé Àdììtú Olódùmarè ní 1961? Amos Tutuola náà, mẹ́sẹ́ńjà ni ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Bí wọn ò bá ti rán an níṣẹ́, á mú bébà, á máa kọ. Wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ ní Lọ́ndọ̀nù ní 1952, àwọn kan nílé sì bínú pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú ti wa. Òmíràn tún jáde ní 1954! Ọwọ́ tó dilẹ̀ lè mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò lè mú un fara da irú ẹ̀gàn yẹn.

Àwọn kan ní ìtorí àtikọ́ ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́ la fi ń kọ̀wé. Lóòótọ́, ìmọ̀ràn pọ̀ nínú ìwé Fágúnwà. Síbẹ̀, àwọn iwin inú rẹ̀ la máa ń bẹ bàbá mi pé kó tún kà fún wa bí iná bá lọ.

Ní tèmi, inú bọ́ọ̀sì Mókọ́lá ni ìtàn tí mò ń kọ báyìí ti bá mi. Obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé itan, ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Mo kàn fẹ́ kó pa á tán ni." Wọ́n sì bọ́ sílẹ̀. Irọ́ wo? Kí ló fẹ́ ṣe bó bá pa á tán? Mi ò lè sá tẹ̀ lé e. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fún un lórúkọ, kí n fún un lọ́kọ, kí n jẹ́ kí ọkọ náà lanu. Lọ́jọ́ tí ọkọ yẹn sọ ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀, orí mi wú, Àdùkẹ́. Torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jí kí àwọn ọmọ tó jí. Mo fẹ́ owó, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó méjèèjì fún mi pé kí n má mọ ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin náà já sí, màá dá a padà.

Mo ti dé orí kẹta. Ọkọ náà ń purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ òru lòun ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Manchester. Ìwọ ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Kí ni wọ́n ń jẹ lóru? Báwo ni àwọn ìyá arúgbó wọ̀nyẹn ṣe ń pe orúkọ yín? Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ bí gbogbo wọn bá ti sùn? Fi fóònù gba ohùn rẹ sílẹ̀ fún mi, kó gùn bó ṣe wù ú, má fo nǹkan kan.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ,
Mojí